Àmín Akíndèjì

A kì í tan èmi jẹ. Èmi ni mo máa ń tan ènìyàn jẹ, ẹ̀rín kì í sì í yọ lójú mi tí mo bá ń ṣe é. Kí wọ́n lọ béèrè ní póli Ìlaró. Èmi ni mo wọ kóòtù bàbá mi lọ sí kíláàsì àwọn fréṣà, tí mo gbé báàgì lé tábìlì, tí mo ní kí wọ́n yọ bébà, tí mo sì fún wọn ní ìdánwò lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ wọn. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n làágùn. Mo gba bébà wọn, mo máàkì í, mo lẹ èsì mọ́ ògiri. Ọ̀gá báńkì kan wà ní Ṣágámù títí di òní olónìí tó gbà pé òun féèlì ìdánwò yẹn. Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn. Ta ni yóò wá tan irú èmi jẹ? Ta ni?

Akíndèjì.

Akíndèjì ni. Mo ti rò ó títí, mo ti yí i sọ́tùn-ún, mo ti yí i sósì — Akíndèjì náà ni.

Mo jókòó sórí àga aláwọ̀ ewé yìí ní Jobcentre, ọ́fíìsì ìjọba fún àwọn tí ń wáṣẹ́, àga tí wọ́n fi irin so mọ́ ti ẹlòmíràn bí ẹni pé a fẹ́ gbé e sálọ, mò ń dúró kí Monica pè mí. Monica ni òyìnbó tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ mi. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní ife tíì kan tí wọ́n ya ológbò sí lára, ó máa ń gbé e káàkiri, kò sì jágbe mọ́ mi rí. Òun ló sọ fún mi, lọ́jọ́ tí mo wá sáìn bí mo ṣe máa ń sáìn, pé wọ́n ti dá benefit mi, owó àìríṣẹ́ṣe, dúró. Mo ní kí ló dé. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó ní àwọn gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní ilé-iṣẹ́ wo? Mo ní ṣebí mo ti sọ fún yín pé ó ti parí. Ó tún wo kọ̀ǹpútà náà, ó wá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn bí ìdin láti ọjọ́ náà. Ó ní ẹnì kan tó sún mọ́ iṣẹ́ náà ló sọ fún àwọn.

Ẹnì kan tó sún mọ́ iṣẹ́ náà.

Ta ló sún mọ́ iṣẹ́ náà bí kò ṣe...

Rárá. Kí n tò ó. Tí Monica bá pè mí, ọ̀rọ̀ mi gbọ́dọ̀ tò lẹ́nu. Lónìí ni mo máa ṣàlàyé ara mi níwájú rẹ̀. Tí àlàyé mi kò bá wọlé, ó parí nìyẹn, á di pé mo ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, mo sì ń gba owó àìríṣẹ́ṣe lókè. Èmi. Díkónì. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti dá owó náà dúró ni Wùmí ìyàwó mi ti ń ṣe double, iṣẹ́ ọ̀sán mọ́ ti òru, ní ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á wò mí, á ní, "Daddy Ayọ̀, ṣé wọ́n ti pè yín?" Èmi á ní wọn ò tíì pè. Á ní kò burú. Kò burú yẹn, ó burú o. Ó sàn kó bú mi.

Nítorí Akíndèjì ni. Nítorí Akíndèjì ni ẹsẹ̀ ìyàwó mi ṣe wú.

Mo gbà á sílé! Ó ti Abẹ́òkúta dé pẹ̀lú àpótí kan àti kóòtù kan tí kò lè gba adìyẹ lọ́wọ́ òtútù. Yàrá kékeré tó wà lórí àtẹ̀gùn wa ní Ardwick, níbi tí à ń kó àpò ìrẹsì sí — mo kó ìrẹsì jáde, mo kó Akíndèjì wọlé. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bi òyìnbó pé "you all right?" kí wọ́n sì kọjá lọ láì dúró gbọ́ èsì. Èmi ni mo bá a kọ ìwé tó fi rí iṣẹ́ porter, àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, ní ọsibítù Crumpsall, tó sì fi gba ilé tirẹ̀. Ó ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní òwúrọ̀, Ẹ̀gbọ́n ní alẹ́. Ẹ wá wo àbúrò.

Àbí ọ̀rọ̀ pańlá yẹn ló ń bínú sí?

Kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ pańlá. Ọjọ́ ti pẹ́. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni mo sọ fún un pé ní Manchester, ẹni tó bá fẹ́ se pańlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe council láti tọrọ àyè, nítorí òórùn. Ẹ̀rín kò yọ lójú mi. Ó pè wọ́n. Ó dúró lórí fóònù, ó ń gbọ́ orin wọn, nígbà tí obìnrin kan wá gbé e, ó ṣàlàyé pańlá fún un láti orí dé ìrù. Obìnrin náà ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ó ṣí fèrèsé. Nígbà tí mo wá sọ fún un pé eré ni, Akíndèjì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ò dáa."

Ṣé ẹ̀rín yẹn dénú? Ènìyàn lè rẹ́rìn-ín kí ó sì gbé e pamọ́. Ènìyàn lè gbé pańlá pamọ́ fún ọdún mélòó kan... Ó máa ń le ni, kì í bàjẹ́.

Iṣẹ́ náà. Kí n sọ ti iṣẹ́ náà.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Openshaw ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Wọ́n ń yọ stamp, owó ìjọba fún ọjọ́ àìníṣẹ́, lára owó mi, mi ò jalè, mi ò pẹ́ dé. Ìgbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn. Máníjà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn tó mi, kí n fi ìgbà òtútù yẹn kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù tí ẹ̀yìn ò fi ní kán. Ó ní mi ò ní jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn mọ́ o. Ó ní consultant ni mo máa jẹ́.

Consultant! Kí ó tó pa ẹnu dé ni mo ti gbà. Ṣé ọkùnrin yẹn tiẹ̀ mọ ohun tó sọ? Nílé wa, consultant ni ẹni tí gómìnà ń ránṣẹ́ pè. Consultant ni dókítà tí àwọn dókítà ń dìde fún. Èmi tí mo ti ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù láti ọdún yìí wá, tí mo ní HND, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè HND lọ́wọ́ mi rí — mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ohun tí kò sọ ni pé consultant kì í gba ìsinmi, consultant kì í ṣàìsàn, tí òtútù bá sì ti ń lọ, consultant náà á máa bá a lọ. Mi ò bi í. Mo lọ dúpẹ́ ní ìjọ. Mo mú Wùmí àti Ayọ̀bámi ọmọ wa jáde, a jó dé iwájú pẹpẹ. Mo tẹ káàdì. Oyèníran Associates, orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀, MD/CEO. Ayọ̀bámi ló yà á lórí kọ̀ǹpútà. Manchester ni wọ́n bí i sí, kò mọ iyì. Ó ní, "Dad, who's the associates?"

Ìbéèrè gidi ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní MD gbọ́dọ̀ ní akọ̀wé, ó kéré tán. Mi ò sì lówó akọ̀wé. Ohùn ni mo ní.

Bí Hephzibah ṣe dé nìyẹn. Mo ra fóònù kékeré kan lọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́. Tó bá ti dún, Hephzibah á gbé e: ohùn tín-ín-rín, ohùn obìnrin tó lọ sí bọ́ọ̀dìn ní Ìjẹ̀bú tó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. "Oyèníran Associates, good morning, please hold for the MD." Èmi á wá dákẹ́ díẹ̀, mà á wúkọ́, mà á gbé ohùn mi sọ̀ kalẹ̀ sáyà: "Yes?" Kò sí ẹni tó mọ̀. Máníjà alára kò mọ̀. Nígbà Kérésì, ó fi ṣokoléètì rán mi sí Hephzibah, ó ní ó ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa lórí fóònù. Mo bá a jẹ ẹ́.

Wùmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yẹn láti inú kíṣìnnì, ó yọjú, ó wò mí tòun ti ṣíbí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Mo ní, "Mà, MD wà nínú mítìn-ín." Ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Òtútù lọ. Rárá, òtútù kò lọ, iṣẹ́ ló lọ. Wọ́n ní ó ti tó, àwọn tuntun ti mọ ẹrù gbé. Ẹni tó ti jó dé iwájú pẹpẹ nítorí consultant, ṣé ó ṣeé ṣe kó wá máa sáìn fún owó àìríṣẹ́ṣe? Mo wọ bọ́ọ̀sì kọjá níwájú Jobcentre yìí, mi ò sọ̀kalẹ̀. Mo tún wọ̀ ọ́ padà. Akíndèjì ló sọ pé kí n sọ̀kalẹ̀. Òun ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tọ́ yín ni. Stamp tí ẹ san ni wọ́n fẹ́ fi tọ́jú yín, kì í ṣe sàárà." Òun ló fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé mi wá. Òun ló jókòó sínú mọ́tò níta, nínú òtútù, títí mo fi jáde.

Ṣé mo rí i báyìí? Kí ló ń dúró dè? Kí ni ó ń ṣọ́?

Ọmọkùnrin kan ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn, ọmọ jẹ́jẹ́, Àbdùl ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. Ó bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ṣe gbẹ̀yìn. Mo ní consultant. Ó ní ti ara yín? Mo ní ti ara mi. Ó ní ìgbà wo ló parí, mo sọ fún un. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà, mo kà á fún un, mo tilẹ̀ kà á díẹ̀díẹ̀ kó lè gbádùn rẹ̀. Ojú ń tì mí lọ́jọ́ náà, nǹkan kan ṣoṣo tó kù tí mo lè fi yangàn ni nọ́ńbà yẹn. Mo jáde. Akíndèjì ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún mi bí ẹni ń ṣí i fún ọba. Ọ̀dàlẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Àwọn àgbà ò sọ ọ́ lásán.

Ó mọ gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni mo máa sọ fún Monica. Ó mọ ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Ó bá mi gbé pátákó ìkọ̀wé lọ sí Openshaw. Ó mọ̀ nípa káàdì, ó mọ̀ nípa fóònù. Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Àní ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, èmi náà ni mo sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú ẹnu ara mi. Ẹ̀fẹ̀ gidi ni. Obìnrin kan ló pè lẹ́yìn ọdún tuntun, mò ń bó iṣu lọ́wọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ kò hàn. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí ti ọ̀gá ilé-ìwé. Ó bi Hephzibah bóyá ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń bá iṣẹ́ lọ. Iṣu lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù láàárín èjìká àti etí, Hephzibah dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni mà, dáadáa ni mà, MD wà nínú mítìn-ín lọ́wọ́lọ́wọ́, iṣẹ́ ti kún ọwọ́ wọn títí di Àjíǹde. Ọgbọ́n ajé nìyẹn. Oníbàárà kì í fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Obìnrin náà ní o ṣeun. Kò sì pè padà. Òun náà já mi kulẹ̀. Àwọn oníbàárà ayé yìí, wọn ò láàánú.

Mo sọ ọ́ fún Akíndèjì nínú mọ́tò lọ́nà ìjọ, mo ṣe ohùn náà fún un, mo ṣe ti obìnrin náà mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa fóònù yẹn."

Ẹ pa fóònù yẹn. Mo rò pé ó ń jowú Hephzibah ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá rò ó nísinsìnyí... kí ló kàn án pẹ̀lú fóònù mi? Kí ló dé tó fi dákẹ́? Ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn kì í dákẹ́ sí ẹ̀fẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń gbèrò rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an.

Wọ́n pe ẹnì kan. Kì í ṣe èmi. Obìnrin tó ní ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ dìde, ó tún jókòó, kì í ṣe òun náà. Ọkùnrin síkúríìtì ń wo òde bí ẹni pé òde á sá lọ. Lára ògiri, wọ́n lẹ àwòrán àwọn tó ń rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n ríṣẹ́, òmíràn sì wà nípa Òlíńpíìkì tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ irú ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín àwọn fréṣà kí wọ́n tó rí ìbéèrè.

Mo ti ṣe ohun tí ó yẹ kí n ṣe sí i. Ìyẹn kò dùn mí. Kò yẹ kó dùn mí. Ìyẹn kò...

Kò pẹ́ tí Monica sọ̀rọ̀ yẹn ló kàn mí láti darí àdúrà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, ní òwúrọ̀ Sunday, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí à ń yá ni a máa ń dúró sí, òórùn bàtà àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í kúrò níbẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Akíndèjì wà láàárín àwọn amúniríbùjókòó pẹ̀lú táì pupa rẹ̀. Àdúrà òkò kò ṣòro. Ẹni tó bá ti gbé nínú ìjọ wa mọ̀ ọ́n jù. O kò ní dá orúkọ. O kàn máa ju òkúta náà sókè, o ó sì wo ibi tí o fẹ́ kó bọ́ sí. Mo pa ojú dé, mo ṣí ọ̀kan díẹ̀. Mo ní: "Ẹni tó bá mi jẹ, tó bá mi mu, tó gbé ọ̀rọ̀ mi lọ fún òyìnbó. Ẹnu tó fi tà mí, Olúwa, kí ẹnu náà tú ara rẹ̀ fó ní gbangba. Kó má rí ọ̀rẹ́ bá sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo wo Akíndèjì. Àwọn tó wà níwájú wo ibi tí mo ń wò. Àwọn tó wà lẹ́yìn wo ibi tí wọ́n ń wò.

Akíndèjì di ojú, ó gbá ọwọ́ pọ̀, ó mi orí bí ẹni tí nǹkan dùn wọra. Ó ní, "Àmín." Ó dún ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Ó tún un ṣe. Ó tẹra mọ́ ọn. Ó ṣe é títí tí òógùn fi bo iwájú orí rẹ̀.

Ojú gbígbẹ nìyẹn. Mo sọ fún Wùmí, mo ní mi ò rí irú ojú gbígbẹ bẹ́ẹ̀ rí. Wùmí ń bọ́ bàtà. Ó ní, "Ta ló ń ṣe àmín sí èpè ara rẹ̀, Daddy Ayọ̀?"

Ọlọ́tẹ̀ ló ń ṣe é. Ọlọ́tẹ̀ tó mọ̀ pé mò ń wò ó...

Ta ló ń ṣe é?

Rárá o. Ẹ má dà mí lọ́kàn rú. Lẹ́yìn àdúrà yẹn, wọ́n mú un kúrò nínú àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Pastor ní kó sinmi díẹ̀ ná. Àwọn ènìyàn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni ń mú ìkòkò gbígbóná. Ó ń wo ojú wọn ṣáá, bí ọmọ tí wọ́n ń sọ èdè míì lórí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Sunday tó kọjá, kò wá. Mo rí àga tó ṣófo. Mo wò ó... mo tún wò ó. Gbogbo ìgbà yẹn ló ń pè mí. Orúkọ rẹ̀ á jáde lórí fóònù mi, mà á wò ó títí á fi dákẹ́. Kí ló fẹ́ sọ? Kò sí ohun tó lè sọ. Ẹni tó dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni èrè rẹ̀? Ibẹ̀ yẹn ni Monica lè ti há mi. Ó lè ní, "Kí ló máa rí níbẹ̀?" Ìlara? Ó ní iṣẹ́, èmi ò ní. Ó ní mọ́tò, èmi ń wọ bọ́ọ̀sì. Pańlá? Ó ṣì ń sọ ìtàn pańlá yẹn fún àwọn àlejò, òun fúnra rẹ̀, ó máa ń ṣe ohùn obìnrin council yẹn, ó máa ń wò mí bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín. Òun ló ní kí n wá gba owó náà, kí ló dé tó fi máa wá dá a dúró? Kò jọra. Ó gbọ́dọ̀ jọra. Ẹnì kan tó sún mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹnì kan ló sọ ọ́! Ẹnì kan la ẹnu, ó sọ fún wọn pé ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń—

Fóònù ń dún.

Fóònù kékeré. Ó wà nínú àpò kóòtù mi, mi ò mọ̀ pé mo mú un dání. Gbogbo wọn ń wò mí. Nọ́ńbà kò hàn. Nọ́ńbà kò hàn, ó lè jẹ́ oníbàárà, Openshaw lè ti... bóyá àwọn tuntun yẹn ti kán lẹ́yìn. Ọwọ́ mi ti gbé e. Ẹnu mi ti là.

"Oyèníran Associates, good morning. I'm afraid the MD is in a meeting..."

Ó jáde. Ohùn Hephzibah, tín-ín-rín, rekete, ó gba gbogbo yàrá náà kan. Síkúríìtì yí ojú kúrò lóde. Ọmọ inú kẹ̀kẹ́ ṣíwọ́ ẹkún. Mo ti pé àádọ́ta ọdún, mo ní irùngbọ̀n, kóòtù mi tóbi bí àgọ́, mo sì jókòó sí Jobcentre ní ojúmọmọ, mò ń fi ohùn obìnrin Ìjẹ̀bú sọ fún aráyé pé MD wà nínú mítìn-ín.

MD wà nínú mítìn-ín.

Iṣẹ́ ti kún ọwọ́ wọn títí di Àjíǹde.

Iṣu. Ohùn tó mọ́ bí ti ọ̀gá ilé-ìwé, kì í ṣe ti oníbàárà. Nọ́ńbà tí mo kà díẹ̀díẹ̀ fún Àbdùl kó lè gbádùn rẹ̀. Ṣé ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń bá iṣẹ́ lọ? Bẹ́ẹ̀ ni mà. Dáadáa ni mà. Ẹnì kan tó sún mọ́ iṣẹ́ náà...

Ta ló tún sún mọ́ iṣẹ́ náà ju akọ̀wé MD lọ.

Inú ilé kọ́ ni aṣeni mi ń gbé. Ó tún wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó pè kò tíì sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ bẹ́ẹ̀dì onítáyà tó ń yí lọ lórí ilẹ̀ dídán, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń pe dókítà lókèèrè. Ọsibítù ni. Crumpsall ni.

"Ẹ káàárọ̀, Sister Hephzibah."

Akíndèjì.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jíṣẹ́ fún ọ̀gá yín. Mo ti ń pè wọ́n lórí tiwọn, wọn ò gbé e. Ẹ sọ fún wọn pé àná ni àwọn ará ìjọ tó là á yé mi pé èmi ni wọ́n gba àdúrà yẹn sí. Mi ò mọ̀. Mo rò pé a jọ ń wá ẹni náà ni." Bẹ́ẹ̀dì yẹn ṣì ń yí lọ. "Àmín tí mo ṣe, tọkàntọkàn ni mo ṣe é. Mi ò ní gbà á padà. Ọlọ́run á bá wọn mú ẹni náà. Mo gbọ́ pé òní ni wọ́n ń lọ sí Jobcentre, ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀ dá wọn lóhùn. Mi ò ní yọ wọ́n lẹ́nu mọ́."

Kí n sọ̀rọ̀. Ohùn mi wà níbì kan, lábẹ́, nínú àyà, níbi tí MD máa ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí. Akíndèjì, èmi ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Síkúríìtì ń wò mí, obìnrin ọlọ́mọ ń wò mí, mo la ẹnu kí n sọ ọ́...

"I will pass on your message, sir. Thank you for calling."

Hephzibah ló sọ ọ́. Ó sọ ọ́ dáadáa. Kò sí ìgbà tí kì í sọ ọ́ dáadáa.

Ó ti gé e.

Ẹnu náà ti tú ara rẹ̀ fó ní gbangba. Ẹ̀rín ò yọ lójú mi. Mo mú fóònù náà dání, ó gbóná díẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ tó sì ń lọ.

Monica dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ife ológbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mu nínú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó wá pe orúkọ mi bí ó ṣe máa ń pè é, tí gbogbo àmì ohùn rẹ̀ ti bọ́ sọ́nà.

Mo dìde. Tí mo bá délé, Wùmí á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á béèrè bóyá wọ́n ti pè mí, mà á sì sọ fún un pé wọ́n ti pè mí. Àlàyé tí mo tò ti tú ká. Òmíràn ló wà lẹ́nu mi báyìí, kò gùn, èmi náà ni mo máa sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn ara mi, tó bá gbà láti jáde. Ó yẹ kí n lé Hephzibah níṣẹ́ lónìí, kí n sọ fún Monica pé mo ti lé e. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Akíndèjì rán ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì jẹ́ ẹ. MD kò tíì jáde nínú mítìn-ín.